Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Ní Sáyẹ́ǹsì Àfọwọ́ṣe Tí Kíláàsì Kò Fi Ní Dọjà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ kíláàsì kẹrin dé ìkẹfà ń bi mí lemọ́lemọ́: "Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé nǹkan jáde báyìí, kíláàsì á dọjà. Kí ni kí n ṣe?" Àwọn mìíràn ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan rí. Omi dà sílẹ̀, ọmọ méjì jà sí bátìrì, ọ̀gá ilé ìwé yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti padà sídìí pátákó àti ṣọ́ọ̀kì.

Èsì mi kò gùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe agídí àwọn ọmọ ló ń da kíláàsì rú. Ètò ló yí. Ohun èlò ti dé ọwọ́ wọn kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ta ló máa fún ọmọ ọdún mẹ́wàá ní òòfà tán tí á tún retí pé kó fetí sí àlàyé? Èmi alára, bí wọ́n bá fún mi ní òòfà, mi ò ní gbọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, èyí ni kí ẹ dì mú: ohun èlò ló ń kẹ́yìn dé orí tábìlì, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀.

## Kí ọjọ́ náà tó pé

1. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo. "Iná mànàmáná" kì í ṣe ìbéèrè, orúkọ ẹ̀kọ́ ni. "Báwo la ṣe lè so bátìrì kan, wáyà kan àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan pọ̀ kí gílóòbù náà tàn?" Ìbéèrè nìyẹn. Ọmọ lè fọwọ́ wá ìdáhùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò sì mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá òun ti rí i.

2. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é fúnra yín. Ohun èlò tí àwọn ọmọ máa lò gan-an ni kí ẹ lò, kì í ṣe irú rẹ̀. Bátìrì tó ti kú kò ní àmì lójú. Gílóòbù tí wáyà inú rẹ̀ ti já jọ èyí tó dára. Bí ẹ bá ń ṣe é, ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú tó bá gbà yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, iye tí yóò gba àwọn ọmọ nìyẹn. Bí ìlọ́po mẹ́ta náà kò bá wọnú àkókò tí ẹ ní, ẹ gé iṣẹ́ náà kúrú. Ẹ má ṣe sọ pé "wọ́n á yára." Wọn kò ní yára.

3. Ẹ ka ohun èlò sínú tíréè. Páálí bàtà tàbí ike fẹ̀ǹfẹ̀ èyíkéyìí náà yóò ṣe é. Ẹgbẹ́ kan, tíréè kan, kí iye ohun tó wà nínú rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀: okùn 1, òkúta 2, rúlà 1. Ẹ tún ṣe tíréè kan sí i tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Nǹkan á já, nǹkan á sọnù, ẹ kò sì ní fẹ́ máa tú dúrọ́ọ̀ nígbà tí ogójì ojú ń wò yín.

4. Ẹ wo yàrá. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ibo ni omi wà? Ṣé báàgì wà nílẹ̀ lọ́nà tí ọmọ tó gbé ife omi máa gbà? Ṣé tábìlì dagun, tí nǹkan á máa yí dànù? Ibi tí àwọn tíréè wà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kó má bàa di pé ẹni tó ń jáde ń gba àárín ẹni tó ń kó nǹkan.

5. Ẹ ní iṣẹ́ kan ní ìpamọ́. Bí òjò bá dé tí ẹ̀kọ́ òjìji kò ṣeé ṣe mọ́, kí ni wọ́n máa ṣe? Ojú ìwé kan tí wọ́n lè yà tàbí kà ti tó.

Kí ẹ tó sùn mọ́jú ọjọ́ náà, ẹ yẹ èyí wò:

- Mo ti ṣe é fúnra mi, ó sì ṣiṣẹ́.
- Tíréè pé, pẹ̀lú ọ̀kan lé.
- Ìgbésẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sójú pátákó.
- Àkísà àti korobá ìdàdọ̀tísí wà nítòsí.
- Mo mọ ọmọ tí nǹkan kì í bá lára mu, tàbí tó ní ikọ́ fée.

## Ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan

Ọmọ mẹ́rin ló dára jù nínú ẹgbẹ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ ṣe ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ẹ má ṣe ẹlẹ́ni márùn-ún, nítorí ẹni karùn-ún kì í rí nǹkan kan fọwọ́ kàn, ẹni tí kò rí nǹkan fọwọ́ kàn á sì wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ẹ̀yin ni kí ẹ pín wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n yan ara wọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ nìyẹn, ọmọ kan á sì dúró láàárín ilé tí ẹnikẹ́ni kò pè. Kí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tó ní orúkọ:

- Akóhun-èlò: òun nìkan ló lè dìde kúrò ní àyè rẹ̀. Òun ló ń gbé tíréè wá, tó sì ń dá a padà.
- Awọ̀n: òun ló ń fi rúlà wọn nǹkan, tó sì ń di aago mú.
- Akọ̀wé: òun ló ń kọ iye tí wọ́n rí sínú àtẹ.
- Agbẹnusọ: òun ló máa sọ fún kíláàsì ohun tí ẹgbẹ́ wọn rí. Bí ẹgbẹ́ bá ní ìbéèrè, òun náà ló ń nawọ́.

Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta? Akọ̀wé ni kó tún ṣe agbẹnusọ.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹni kan péré ló ń rìn nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì ogójì ọmọ, ẹni mẹ́wàá ló wà lórí ìrìn. Ìdajì wàhálà ti lọ nìyẹn.

Ẹ máa yí iṣẹ́ yìí ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún wọn, ẹni tó lágídí jù ni yóò máa di òòfà mú láti oṣù dé oṣù, ọmọbìnrin tó mọ̀wé kọ ni yóò sì máa ṣe akọ̀wé títí wọ́n á fi jáde kíláàsì kẹfà. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ lójú mi, èmi ni olùkọ́ wọn, ó sì tó nǹkan bí oṣù méjì kí n tó ṣàkíyèsí rẹ̀.

## Àmì ìdákẹ́jẹ́: ẹ kọ́ wọn lọ́jọ́ tí kò sí ohun èlò

Ẹ yan àmì kan. Ó lè jẹ́ ọwọ́ òkè, agogo kékeré, àtẹ́wọ́ mẹ́ta tí wọ́n á fi mẹ́ta dá lóhùn. Ohun tó bá ti wù yín ni, bí kò bá ṣá ti jẹ́ igbe. Igbe olùkọ́ kàn ń fi kún ariwo ni. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ sọ ohun tí àmì náà túmọ̀ sí ní pàtó: ọwọ́ kúrò lára nǹkan, ẹnu pa dé, ojú wá sọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ ló ṣáájú. Ọmọ lè dákẹ́ kó ṣì máa fi òkúta ṣeré.
2. Ẹ ní kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fún wọn ní àmì. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kí gbogbo wọn tó dákẹ́, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn.
3. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á fẹ́ yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìyẹn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá.
4. Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ kan títí ọwọ́ tó kẹ́yìn á fi kúrò lára nǹkan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹni méjì ṣì ń ṣeré, ẹ ti kọ́ wọn pé àmì náà kì í ṣe fún gbogbo èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé kíláàsì tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì kò lè dákẹ́ bíi kíláàsì tó ń ṣe ìdánwò. Bí ariwo bá ń lọ, ẹ fetí sí ohun tó wà nínú rẹ̀. "Tún un kà, mo rò pé mọ́kànlá ni" kì í ṣe ariwo. Kí ẹ ṣáà lè dá a dúró nígbà tí ẹ bá fẹ́ ni.

## Ẹ̀kọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: okùn tí ń fì

Èyí ni mo máa ń dábàá fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, nítorí okùn, òkúta, rúlà, téèpù àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo ohun tó ń fẹ́. Kò sí omi, kò sí iná. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 40 ni.

Ìgbésẹ̀ 1 (ìṣẹ́jú 5). Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ mú okùn dání, òkúta wà nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa fì. Ẹ bi wọ́n: "Bí mo bá fẹ́ kó máa yára lọ kó sì máa yára bọ̀, kí ni kí n yí padà?" Wọ́n á ní kí ẹ fi òkúta tó wúwo sí i. Wọ́n á ní kí ẹ tì í dáadáa. Ẹnì kan á ní kí ẹ gé okùn náà kúrú. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó. Ojú yín kò gbọdọ̀ sọ èyí tó tọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 2 (ìṣẹ́jú 3). Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ èyí tó rò sínú ìwé rẹ̀. Báírò ni kó fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Bí ó bá jẹ́ pẹ́ńsùlù, kí ẹ tó yíjú padà lẹ́yìn iṣẹ́, ìrésà ti pa èrò àkọ́kọ́ rẹ́, gbogbo kíláàsì á wá jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3 (ìṣẹ́jú 5). Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́. Kí ó wà lójú pátákó báyìí:

1. Ẹ so okùn mọ́ etí tábìlì. Láti ibi tó so mọ́ dé àárín òkúta gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25.
2. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má tì í.
3. Ẹ ka fífì 10, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.
4. Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ má ṣe bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn ló máa dáhùn pé ó yé àwọn. Ẹ bi ọmọ kan ní orúkọ rẹ̀: "Kí ni ẹgbẹ́ yín máa kọ́kọ́ ṣe?" Kí ẹ bi ẹlòmíràn: "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" Bí ẹnì kejì kò bá lè sọ ọ́, kò tíì tó àkókò láti pe akóhun-èlò.

Ìgbésẹ̀ 4 (ìṣẹ́jú 2). Nísinsìnyí ni kí akóhun-èlò dìde. Ẹ pè wọ́n ní ẹgbẹ́ méjì-méjì, kì í ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ 5 (ìṣẹ́jú 13). Ẹ máa rìn káàkiri. Ìṣẹ́jú kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yìn yín má ṣe kọ sí àwọn tó kù. Ìbéèrè ni kí ẹ máa bi wọ́n, kì í ṣe ìdáhùn: "Kí lẹ yí padà? Kí lẹ ò yí padà? Kí ló dé tí iye kejì fi yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́?"

Ìgbésẹ̀ 6 (ìṣẹ́jú 5). Àmì ìdákẹ́jẹ́. Kí akóhun-èlò ka ohun tó wà nínú tíréè kó tó gbé e padà. Tábìlì gbọ́dọ̀ ṣófo.

Ìgbésẹ̀ 7 (ìṣẹ́jú 7). Agbẹnusọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí wọ́n rí, ẹ sì kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ ò ní lè sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa wọlé bí òkúta bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí wọ́n máa rí nìyí. Okùn sẹ̀ǹtímítà 25 máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan láti lọ kó sì bọ̀, nítorí náà fífì 10 á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Okùn tó gùn tó mítà kan á gba nǹkan bí 20. Okùn gùn ní ìlọ́po mẹ́rin, àkókò kàn di ìlọ́po méjì. (Tábìlì kò ga tó mítà kan, etí fèrèsé tàbí férémù ilẹ̀kùn ni kí ẹ so ti gígùn mọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ so ó.) Ìwúwo òkúta kò yí nǹkan kan padà. Bí ẹ bá sì fà á jìn díẹ̀ tàbí ẹ fà á kù díẹ̀, kò ní hàn lójú aago, bí kò bá ṣá ti fì gbòòrò jù. Ẹnu máa ń yà wọ́n sí ti ìwúwo yẹn. Àwọn kan kò ní gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Ibi méjì ni iṣẹ́ yìí ti máa ń ṣìnà. Èkíní, ọmọ tó fẹ́ fi ìwúwo kún un á so òkúta kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Okùn rẹ̀ ti gùn sí i nìyẹn láìmọ̀, àkókò á yí padà, á sì ní ìwúwo ló fà á. Ẹ ní kí wọ́n kó òkúta méjèèjì sínú ọ̀rá kékeré kan kí àárín wọn má kúrò níbi tó wà.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ méjì lo okùn kan náà, sẹ̀ǹtímítà 25. Àwọn kan mú ìṣẹ́jú àáyá 10 wá, àwọn kejì mú 5. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ẹnu mi ti là láti ṣàlàyé nígbà tí ọmọbìnrin kan kàn gba okùn náà, ó jẹ́ kó fì lójú gbogbo wa, ó ń kà sókè: "Ẹ̀yin ń ka àlọ, ẹ tún ń ka àbọ̀. Àwa ń ka àlọ àti àbọ̀ pọ̀ ní ọ̀kan." Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ìgbà náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ máa ń fi "fífì" sílẹ̀ láìṣàlàyé lójú pátákó ni. Bí a bá kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì gbàgbé. Bí wọ́n bá fi àríyànjiyàn wá a rí, wọn kì í gbàgbé.

## Ewu tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú kéré

Ẹ kọ òfin mẹ́ta sí ara ògiri: a kì í tọ́ nǹkan kan wò, a kì í sáré, a máa ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn tó kù jẹ́ ti olùkọ́:

- Iná mànàmáná. Bátìrì nìkan. Ohun tó wà nínú ògiri kì í ṣe ohun èlò ẹ̀kọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn kedere, nítorí ọmọ tó tan gílóòbù lónìí á fẹ́ dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò nílé lálẹ́. Bí wáyà bá so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ láìsí gílóòbù láàárín, á gbóná kíákíá, ó lè jó ọwọ́. Kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀.
- Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì. Ẹ má lò ó rárá. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2 péré. Bí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má sì fipá mú un bì.
- Òòfà kéékèèké tó lágbára. Méjì nínú ikùn lè fa ara wọn kí wọ́n sì fún ìfun sáàárín. Òòfà ńlá tí kò ṣeé gbé mì ni kí ẹ lò.
- Oòrùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wò ó ní tààrà, pàápàá jù lọ pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ojú tí ó bá jó lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Awò náà kò gbọdọ̀ wà lójú fèrèsé nígbà tí ẹ kò lò ó, torí ó lè dá iná sílẹ̀.
- Fínígà pẹ̀lú baking soda. Gáàsì ni wọ́n ń mú jáde. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dé ìdérí mọ́ ìgò náà, yóò bẹ́.
- Omi gbígbóná. Olùkọ́ ló ń dà á. Fún ẹ̀kọ́ bí ṣúgà ṣe ń yòrò, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ti tó, kò di dandan kó hó. Bí ara bá jó, ẹ fi í sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe ìpara.
- Omi tí wọ́n sẹ́. Omi ẹrẹ̀ tó gba inú iyanrìn àti òwú kọjá á mọ́ gaara lójú. Kò ṣeé mu. Kòkòrò tí ojú kò rí ṣì wà níbẹ̀.
- Tẹmómítà oní-mákúrì. Bí ó bá wà nínú àpótí ilé ìwé yín láti ìgbà pípẹ́, ẹ fi síbẹ̀. Èyí tó ní omi pupa nínú ni kí ẹ lò.

## Bí ọmọ kan bá ń da iṣẹ́ rú

1. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má sọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn nìkan ti tó.
2. Ẹ bi í ní ìbéèrè lórí iṣẹ́: "Èló ni ẹ rí lẹ́ẹ̀kejì?" Ọmọ tí kò mọ èsì rẹ̀ á padà sídìí òkúta.
3. Ẹ kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ní ohùn jẹ́jẹ́, ní etí rẹ̀. Bí ẹ bá kìlọ̀ fún un ní gbangba, ẹ ti fún un ní òǹwòran.
4. Bí ó bá tún ṣe é, ohun èlò ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, kó máa kọ ohun tó ń rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ pè é padà.

Ẹ má ṣe lé e jáde, ẹ má sì ṣe fìyà jẹ gbogbo ẹgbẹ́ nítorí ẹnì kan. Ohun kan tún wà tí mo ń bá àwọn olùkọ́ jà lé lórí: "Bí ẹ bá pariwo, a ò ní ṣe sáyẹ́ǹsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Kí ló dé tí a kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìṣirò? Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ọmọ tó ń fa gbogbo nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kò ṣòro, ẹ sọ ọ́ di akọ̀wé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan nǹkan ló ń fẹ́ sùúrù. Ẹ jẹ́ kó di aago mú lákọ̀ọ́kọ́, kò ní pẹ́ tí á fi fẹ́ di okùn náà mú.

## Àṣìṣe tiwa olùkọ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé a ń sọ ìdáhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. "Lónìí, a máa rí i pé ìwúwo kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fífì." Kí ni wọ́n tún fẹ́ wá? Wọ́n á kàn máa ṣeré ni, wọn kò sì jẹ̀bi.

Èkejì, bí àbájáde bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, à ń sọ fún ọmọ pé kó kọ ti inú ìwé. Ẹ má ṣe é. Ọmọ á kọ́ pé irọ́ ni sáyẹ́ǹsì ń fẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ jọ wá ohun tó fà á: bóyá rúlà ló yẹ̀, bóyá wọ́n ka mọ́kànlá dípò mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹta, a kì í fi àyè sílẹ̀ fún ìkónǹkankúrò. Agogo á lù, àwọn ọmọ á sá lọ, olùkọ́ á sì wà níbẹ̀ tó ń nu ilẹ̀. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

## Bí ọmọ bá pọ̀, tí ohun èlò kò sì tó

Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Ìdajì ń ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, ìdajì ń yàwòrán tàbí ń ka ojú ìwé kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ yí wọn padà. Ó ń rẹni, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n tíréè márùn-ún á tó fún ogójì ọmọ.

Àwọn iṣẹ́ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ń fẹ́ nǹkan kan:

- Bébà méjì. Ẹ rún ọ̀kan mọ́ra, ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní títẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwúwo kan náà ni wọ́n ní, kí ló dé tí ọ̀kan fi ṣáájú?
- Òjìji igi. Ẹ ri igi mọ́lẹ̀ ní gbangba, ẹ máa wọn òjìji rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Nítòsí ọ̀sán gangan ni yóò kúrú jù.
- Amọ̀ tó léfòó. Ẹ ṣe amọ̀ ní bọ́ọ̀lù, ó rì. Ẹ fi amọ̀ kan náà ṣe ọkọ̀, ó léfòó. Òkúta mélòó ló lè gbé?
- Irúgbìn ẹ̀wà nínú òwú tútù. Ife kan ní omi, ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan wà nínú òkùnkùn. Ẹ gbin àlékún sílé, torí òwú tó rin jù á hu olú. Èyí tó wà nínú òkùnkùn náà á hù, á sì gùn ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n á funfun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó dá sí i.

## Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ẹ kọ ohun tó bàjẹ́, ìgbésẹ̀ tí kò yé wọn, àti ìṣẹ́jú tó gbà ní tòótọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yẹn á níye lórí ju ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín lọ. Kí ẹ tún ka bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá dín ọ̀kan, ẹ má pariwo ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ kàn sọ pé ọ̀kan ṣáko lọ, kí ẹ gbé tíréè òfìfo sẹ́nu ọ̀nà nígbà ìsinmi, kí ẹ sì yíjú síbòmíràn. Tèmi máa ń padà wálé.